Antoine Kọ́láwọlé Idji: Ọmọ Ìlárá tó di ẹni kejì nínú ìjọba Bẹ̀nẹ̀

Antoine Kọ́láwọlé Idji jẹ́ olóṣèlú ọmọ Yorùbá láti Ìlárá, ní ilẹ̀ Kétu, ní ẹkùn Plateau, ní apá gúúsù ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Ọdún 1946 ni a bí i. Ó jẹ́ mínísítà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè àti ìṣọ̀kan Áfíríkà láti 1998 títí di 2003, lábẹ́ ààrẹ Mathieu Kérékou. Lẹ́yìn náà ni ó di ààrẹ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, láti oṣù Kẹrin 2003 títí di oṣù Karùn-ún 2007. Ní oṣù Kẹta 2006 ó díje fún ipò ààrẹ orílẹ̀-èdè lórúkọ ẹgbẹ́ òṣèlú MADEP, ó sì ṣe ipò karùn-ún láàárín àwọn olùdíje 26.

Láàárín àwọn ọmọ Yorùbá tí ẹkùn Pobè, Sakété àti Kétu ti bí, ìwọ̀nba díẹ̀ ni ipò wọn ga tó tirẹ̀ nínú ìjọba. Àpilẹ̀kọ yìí sọ ibi tó ti wá, ọ̀nà tí òṣèlú ẹkùn náà gbà gbé e dé òkè, iṣẹ́ tó bọ́ sí ìgbà rẹ̀, àti ibi tí ọ̀nà náà parí sí.

Orúkọ àti ìlú

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Kọ́láwọlé túmọ̀ sí ẹni tó kó ọlá wọ inú ilé. Ẹni tó bá ń wá orúkọ ọkùnrin yìí nínú ìwé ìjọba àti ìwé ìròyìn Bẹ̀nẹ̀ yóò bá a ní oríṣiríṣi: Kolawolé Idji, Antoine Idji Kolawolé, tàbí Idji Antoine Kolawolé. Ẹnì kan náà ni gbogbo wọn. Àkọtọ́ Faransé kì í lo àmì ohùn, àwọn akọ̀wé sì máa ń pààrọ̀ ipò orúkọ àbísọ àti orúkọ ìdílé bó ṣe wù wọ́n. Bákan náà ni Ìlárá, tí ìwé Faransé ń kọ ní Illara.

Orí ààlà gan-an ni Ìlárá wà. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí àdéhùn kan ní ilẹ̀ Yúróòpù, wọ́n sì fi ìlà gé ilẹ̀ Yorùbá ìwọ̀-oòrùn sí méjì. Ìlú Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ sì bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ́ẹ̀ ará Kétu ni àwọn méjèèjì. Ìlárá wà ní ìhà méjèèjì: Ìlárá ti Bẹ̀nẹ̀ wà lábẹ́ Kétu, Ìlárá ti Nàìjíríà sì wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìmẹ̀kọ-Àfọ̀n ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Àwọn ẹbí kan náà, ọjà kan náà, òrìṣà kan náà, ṣùgbọ́n owó méjì, èdè ìjọba méjì, àti ọlọ́pàá méjì. Ọmọ tó bá dàgbà níbẹ̀ ti mọ ohun tí à ń pè ní ilẹ̀ òkèèrè kó tó mọ ìwé kà, nítorí ilẹ̀ òkèèrè kò ju ẹ̀yìnkùlé lọ.

Ẹkùn Plateau

Títí di 1999, ẹkùn mẹ́fà ni Bẹ̀nẹ̀ ní. Òfin ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní ọdún náà sọ wọ́n di 12, ó sì pín orílẹ̀-èdè sí kọmúnù 77. Ara ẹkùn Ouémé, tí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) jẹ́ olórí rẹ̀, ni wọ́n ti yọ Plateau. Kọmúnù márùn-ún ló wà nínú rẹ̀: Pobè, Sakété, Kétu, Adja-Ouèrè àti Ifangni. Pobè ni olú-ìlú rẹ̀ láti 2016. Ìkànìyàn ọdún 2013 rí ènìyàn 622,372 níbẹ̀. Yorùbá, tí wọ́n ń pè ní Nàgó ní Bẹ̀nẹ̀, ni èdè tó gbilẹ̀ jù, lẹ́nu àwọn ará Kétu, àwọn Ọ̀họ̀rí tí ìwé Faransé ń pè ní Holli, àti àwọn Ànàgó Sakété, Pobè àti Ifangni. Gùn àti Fọ̀n náà wà níbẹ̀.

Ilẹ̀ ọ̀pẹ ni. Ní 1922 ni wọ́n dá ibùdó ìwádìí nípa igi ọ̀pẹ sílẹ̀ ní Pobè, ó sì wà níbẹ̀ di òní. Nítorí epo àti ekùrọ́ ni Faransé ṣe la ojú irin láti Àjàṣẹ́ lọ sí Sakété, tí wọ́n sì gùn ún dé Pobè. Ní Onígbóló, ní kọmúnù Pobè, Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà jọ dá ilé iṣẹ́ símẹ́ńtì sílẹ̀, nítorí òkúta ẹfun tó wà nínú ilẹ̀ ibẹ̀.

Ìjọba kò fìgbà kan rọrùn fún ẹkùn yìí láti gbà. Ogun Dàhòmì fọ́ Kétu ní 1886, ìgbà tí Faransé ṣẹ́gun Dàhòmì ni ìlú náà tó tún dìde. Ní 1905 ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Sakété, wọ́n sì pa òyìnbó tó jẹ́ aṣojú ìjọba níbẹ̀. Láti 1914 sí 1915 àwọn Ọ̀họ̀rí kọ owó orí àti ìfipákóni sí iṣẹ́ ogun, wọ́n sì dojú ìjà kọ Faransé nínú ilẹ̀ ẹrọ̀fọ̀ wọn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò jà rárá. Wọ́n kàn di ẹrù wọn, wọ́n sì ré ààlà kọjá sí ọ̀dọ̀ àwọn ẹbí wọn ní ìhà Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asiwaju, tí òun náà jẹ́ ọmọ Ìmẹ̀kọ, ti kọ púpọ̀ nípa ìtàn yìí. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ ẹkùn yìí bá di mínísítà, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ju oríire ẹnì kan lọ. Àwọn ènìyàn tó ti ń sá fún ìjọba láti ọjọ́ pípẹ́ ni wọ́n ń rí ọmọ tiwọn nínú rẹ̀.

Òṣèlú ẹkùn náà kí ó tó di ìgbà Idji

Láti 1945 títí di 1972, orí ẹni mẹ́ta ni òṣèlú Dàhòmì dúró lé, olúkúlùkù pẹ̀lú ẹkùn tirẹ̀. Sourou-Migan Apithy ni olórí gúúsù ìlà-oòrùn, Justin Ahomadégbé ni ti Abomey àti àárín gúúsù, Hubert Maga sì ni ti àríwá. Àjàṣẹ́ ni ilé Apithy, ṣùgbọ́n àwọn Nàgó Sakété, Pobè àti Kétu jẹ́ ara àwọn tó ń dìbò fún un. Wọ́n ń dìbò, ẹlòmíràn ló ń jókòó.

Ní oṣù Karùn-ún 1970 àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fìdí ìgbìmọ̀ ààrẹ kan múlẹ̀, níbi tí olúkúlùkù yóò ti ṣe olórí fún ọdún méjì. Maga kọ́kọ́ ṣe tirẹ̀. Ahomadégbé gbà á ní oṣù Karùn-ún 1972. Ọdún 1974 ló yẹ kó kan Apithy. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá 1972, Mathieu Kérékou àti àwọn ológun gbàjọba, wọ́n sì fi àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí àhámọ́ títí di 1981. Bí ìpín gúúsù ìlà-oòrùn ṣe bọ́ nínú ètò náà nìyẹn. Nígbà tó yá, ìjọba náà di ti ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo, pẹ̀lú ìlànà Marx àti Lenin.

Àpérò gbogboogbò tí wọ́n ṣe ní Kùtọ̀nù láti ọjọ́ 19 sí 28 oṣù Kejì 1990 ló yí nǹkan padà. Òfin ìpìlẹ̀ tuntun jáde ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún náà. Ó fàyè gba ẹgbẹ́ òṣèlú púpọ̀. Ó fi sáà ààrẹ sí ọdún márùn-ún, lẹ́ẹ̀mejì péré. Ó sì fi sáà aṣòfin sí ọdún mẹ́rin. Ní gúúsù ìlà-oòrùn, ẹgbẹ́ PRD ti Adrien Houngbédji, ọmọ Àjàṣẹ́, ló kọ́kọ́ gbilẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ìparí àwọn ọdún 1990, Séfou Fagbohoun, oníṣòwò ọmọ Adja-Ouèrè, dá MADEP sílẹ̀, èyí tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí Ẹgbẹ́ Áfíríkà fún Ìdàgbàsókè àti Ìlọsíwájú. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ẹgbẹ́ òṣèlú tó lágbára gba ìdí rẹ̀ láàárín àwọn Nàgó Plateau, tí kì í ṣe pé wọ́n wà lẹ́yìn ẹlòmíràn láti Àjàṣẹ́. Nínú ìdìbò aṣòfin 1999, ìjókòó 6 ni MADEP gbà nínú 83. Ní 2003 ó gba 9. Inú ẹgbẹ́ yìí ni Idji wà.

Mínísítà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, 1998–2003

Kérékou, tí ìdìbò lé kúrò ní 1991, tún fi ìdìbò padà ní 1996. Ní oṣù Karùn-ún 1998 ó fi Idji rọ́pò Pierre Osho ní ilé iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè. Ọdún márùn-ún ni Idji lò níbẹ̀, èyí tó pẹ́ púpọ̀ fún mínísítà ní Bẹ̀nẹ̀, ó sì la ìdìbò ààrẹ ti 2001 kọjá lórí àga náà. Ohun ńlá mẹ́ta ló bọ́ sí ìgbà rẹ̀.

Èkíní ni Àdéhùn Kùtọ̀nù, tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹfà 2000. Àdéhùn yìí ló rọ́pò àdéhùn Lomé láàárín ìṣọ̀kan Yúróòpù àti àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà, Kàríbíà àti Pàsífíìkì. Suva, olú-ìlú Fiji, ni wọ́n ti kọ́kọ́ pinnu láti ṣe é. Àmọ́ nígbà tí wọ́n fipá gbàjọba ní Fiji ní oṣù Karùn-ún ọdún náà, ẹrù náà ṣí wá sí Kùtọ̀nù pẹ̀lú àkókò kúkúrú láti múra. Orúkọ ìlú náà lẹ̀ mọ́ àdéhùn tó darí òwò àti ìrànwọ́ fún ohun tó lé ní 20 ọdún.

Èkejì ni ìṣọ̀kan Áfíríkà, tó wà nínú orúkọ ilé iṣẹ́ rẹ̀ gan-an. Ní oṣù Keje 2000 ni àwọn olórí orílẹ̀-èdè gba ìwé ìdásílẹ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà tuntun wọlé ní Lomé, ní orílẹ̀-èdè Tógò tó múlé ti Bẹ̀nẹ̀. Ní oṣù Keje 2002 ni wọ́n ṣí àjọ náà ní Durban, ó sì rọ́pò OAU tó ti wà láti 1963.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ ààlà pẹ̀lú Nìjẹ̀r. Ìjà lórí erékùṣù Lété nínú odò Ọya ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ogun sílẹ̀ láàárín orílẹ̀-èdè méjèèjì ní 1963. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà 2001, Bẹ̀nẹ̀ àti Nìjẹ̀r fọwọ́ sí ìwé ní Kùtọ̀nù pé kí Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé tó wà ní The Hague dá ẹjọ́ náà. Ìdájọ́ jáde ní ọjọ́ 12 oṣù Keje 2005, nígbà tí Idji ti kúrò ní ilé iṣẹ́ náà. Nínú erékùṣù 25, Nìjẹ̀r gba 16, Bẹ̀nẹ̀ gba 9, Lété sì bọ́ sọ́wọ́ Nìjẹ̀r. Ní ìhà odò Mékrou, ohun tí Bẹ̀nẹ̀ ń sọ ni ilé ẹjọ́ gbà. Bẹ̀nẹ̀ pàdánù ohun tó tìtorí rẹ̀ lọ sí ẹjọ́ jù lọ, síbẹ̀ ó tẹ̀ lé ìdájọ́ náà. Fún ẹkùn tí ààlà la ilé rẹ̀ kọjá, ẹ̀kọ́ ńlá wà nínú èyí: ọ̀rọ̀ ilẹ̀ lè parí lórí tábìlì láìsí pé ẹnikẹ́ni kú.

Ààrẹ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, 2003–2007

Ìdìbò aṣòfin wáyé ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹta 2003. Àwọn ẹgbẹ́ tó wà lẹ́yìn Kérékou, MADEP pẹ̀lú wọn, ló ní ọ̀pọ̀ ìjókòó. Ní oṣù Kẹrin àwọn aṣòfin yan Idji láti gba ipò lọ́wọ́ Houngbédji. Ibi tí ilé ìgbìmọ̀ náà wà nígbà náà ni ààfin àwọn gómìnà àtijọ́ ní Àjàṣẹ́, ilé tí àwọn olórí Faransé ti ń pàṣẹ fún gbogbo Dàhòmì.

Ipò náà kì í ṣe ti ọ̀ṣọ́. Ní Bẹ̀nẹ̀, ààrẹ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ni ẹni kejì nínú ìjọba, nítorí orílẹ̀-èdè náà kò ní igbákejì ààrẹ nígbà náà. Òfin ìpìlẹ̀ sọ pé bí ipò ààrẹ bá ṣófo, òun ni yóò dì í mú títí ìdìbò yóò fi wáyé. Fún ọdún mẹ́rin, ẹ̀mí kan ṣoṣo ló wà láàárín ọmọ Ìlárá yìí àti àga ààrẹ.

Òfin méjì tó kan ilé àti ẹbí jáde nígbà tó wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni òfin ẹbí. Àwọn aṣòfin ti kọ́kọ́ dìbò lé e ní 2002, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ tó ń rí sí òfin ìpìlẹ̀ dá a padà, nítorí ó fàyè gba ọkùnrin láti fẹ́ ìyàwó púpọ̀ nígbà tí obìnrin kò lè ní ju ọkọ kan lọ. Ní oṣù Kẹfà 2004, lábẹ́ Idji, ilé náà tún dìbò lé e, ó sì di òfin ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹjọ. Láti ìgbà náà, ìgbéyàwó ọkọ kan aya kan nìkan ni òfin Bẹ̀nẹ̀ mọ̀, ọmọbìnrin àti ọmọkùnrin sì ní ẹ̀tọ́ kan náà sí ogún. Àwọn tó mọ bí ogún ṣe ń jẹ́ ní ilẹ̀ Kétu àti Sakété, níbi tí ilé olórogún pọ̀, mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Ọ̀pọ̀ ilé ṣì ń gbé pẹ̀lú àṣà lọ́wọ́ kan àti òfin lọ́wọ́ kejì.

Èkejì ni òfin ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin 2006 nípa bí a ṣe lè mú ọmọdé rìnrìn àjò, àti ìjìyà fún ẹni tó bá ń kó ọmọ ta. Ní 2003 ni wọ́n kó àwọn ọmọ Bẹ̀nẹ̀ tó lé ní 200 padà wálé láti àwọn ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta ní agbègbè Abẹ́òkúta. Ẹkùn Zakpota ni ọ̀pọ̀ wọn ti wá, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ń gbà kọjá sí Nàìjíríà wà lára ààlà tí Plateau jókòó tì.

Ọdún 2003 kan náà ni Nàìjíríà ti ààlà rẹ̀ pa ní oṣù Kẹjọ, nítorí ẹ̀sùn pé àwọn olè mọ́tò ń rí ibi sá sí ní Bẹ̀nẹ̀. Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ àti Kérékou pàdé ní Àgbádárìgì, wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, ààlà sì tún ṣí. Ọjọ́ díẹ̀ péré ni, síbẹ̀ ó tó láti fi hàn pé ohun tí wọ́n bá pinnu ní Àbújá lè pa ọjà Kétu, Pobè àti Ifangni lójú ẹsẹ̀, ẹnikẹ́ni tí ìbáà jẹ́ ẹni kejì ní Bẹ̀nẹ̀.

Ìdìbò ààrẹ, oṣù Kẹta 2006

Òfin ìpìlẹ̀ 1990 sọ pé olùdíje kò gbọ́dọ̀ ju ẹni 70 ọdún lọ, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ ju sáà méjì. Kérékou ti lo méjèèjì tán. Àwọn kan fẹ́ kí wọ́n tún òfin náà ṣe kí ó lè dúró. Àwọn mìíràn, nínú ẹgbẹ́ ará ìlú, ṣe ìpolongo pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan òfin ìpìlẹ̀ wọn. Ní 2005 Kérékou sọ pé òun kò ní tún un ṣe, òun yóò sì lọ. Houngbédji, Bruno Amoussou, Léhady Soglo, Yayi Boni àti Idji wà lára àwọn 26 tó jáde láti gba ipò rẹ̀.

Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹta 2006, Yayi Boni, tó ti ṣe olórí báńkì ìdàgbàsókè Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tí kò sì ní ẹgbẹ́ òṣèlú àtijọ́ lẹ́yìn, gba ohun tó lé díẹ̀ ní ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún. Houngbédji gba nǹkan bí ìdá 24, Amoussou gba ìdá 16, Soglo sì gba ìdá 8. Idji gba 3.25. Yayi Boni borí nínú ìpele kejì ní ọjọ́ 19 oṣù náà, ó sì gbàjọba ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin.

Iye yẹn sọ ohun púpọ̀. Ẹkùn Plateau jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún gbogbo ènìyàn Bẹ̀nẹ̀. Ẹgbẹ́ tó fìdí múlẹ̀ níbẹ̀ lè gba ìjókòó mẹ́fà tàbí mẹ́sàn-án; ìjókòó bẹ́ẹ̀ sì tó láti dúnàádúrà fún ipò mínísítà tàbí ipò ààrẹ ilé ìgbìmọ̀, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ ńlá bá nílò ẹni tí yóò mú wọn pé iye. Ṣùgbọ́n nínú ìdìbò ààrẹ, níbi tí gbogbo orílẹ̀-èdè ti jẹ́ agbègbè ìdìbò kan ṣoṣo, kò sí ẹni tí a ó bá dúnàádúrà. Ohun tó gbé Idji dé ipò kejì kò lè gbé e dé ipò kìíní.

Ọ̀rọ̀ ọdún karùn-ún, oṣù Kẹfà àti Keje 2006

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìdìbò náà ni ìṣẹ̀lẹ̀ tí àwọn amòfin ṣì fi ń rántí ilé ìgbìmọ̀ ìgbà Idji. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹfà 2006, àwọn aṣòfin tún ìlà 80 òfin ìpìlẹ̀ ṣe, wọ́n sì sọ sáà ara wọn di ọdún márùn-ún dípò mẹ́rin. Ìdí tí wọ́n sọ ni owó: bí sáà bá gùn dé 2008, ìdìbò aṣòfin àti ti kọmúnù yóò bọ́ sí ọdún kan náà, ìnáwó yóò sì dín kù. Òfin ìpìlẹ̀ gbà pé bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún àwọn aṣòfin bá fọwọ́ sí àtúnṣe, kò nílò ìdìbò gbogbo ará ìlú. Wọ́n rí iye náà, wọ́n sì kọjá rẹ̀.

Gẹ́gẹ́ bí ìwé ti wí, gbogbo rẹ̀ ló tọ́. Ṣùgbọ́n ará ìlú bínú. Àwọn aṣòfin tí wọ́n yàn fún ọdún mẹ́rin ni wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn bu ọdún kan kún un, láìbi ẹni tó yàn wọ́n. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́ tó ń rí sí òfin ìpìlẹ̀, tí Conceptia Ouinsou ń darí. Ní ọjọ́ 8 oṣù Keje 2006, nínú ìdájọ́ DCC 06-074, ilé ẹjọ́ náà pa àtúnṣe yìí rẹ́. Ó ní sáà ọdún mẹ́rin jẹ́ ohun tí gbogbo orílẹ̀-èdè fohùn ṣọ̀kan lé lórí láti inú àpérò 1990, àti pé ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ tún òfin ìpìlẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ tún wá ìfohùnṣọ̀kan bẹ́ẹ̀. Pé iye ìbò pé nìkan kò tó.

Àwọn amòfin kò tíì gbà sí ibì kan lórí ìdájọ́ yìí. Àwọn kan ní ilé ẹjọ́ dáàbò bo ìlú lọ́wọ́ àwọn aṣojú rẹ̀. Àwọn mìíràn ní ilé ẹjọ́ fi ohun tí kò sí nínú ìwé kún òfin, nítorí kò sí ẹni tó lè wọn ìfohùnṣọ̀kan. Ohun tó dájú ni pé ilé ìgbìmọ̀ náà tẹrí ba. Ìdìbò wáyé ní àkókò rẹ̀, ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta 2007. Ọdún mẹ́tàlá lẹ́yìn ìdájọ́ náà, nínú àtúnṣe òfin ìpìlẹ̀ ti oṣù Kọkànlá 2019, sáà aṣòfin di ọdún márùn-ún ní tòótọ́, lọ́wọ́ ilé ìgbìmọ̀ mìíràn.

Lẹ́yìn 2007

Nínú ìdìbò 2007, MADEP dara pọ̀ mọ́ RB ti ìdílé Soglo àti PSD ti Amoussou nínú àjọṣe kan tí wọ́n pè ní ADD. Àwọn olóṣèlú àtijọ́ tí wọ́n ti ń bá ara wọn díje ni wọ́n kóra jọ láti dojú kọ àwọn ènìyàn Yayi Boni. ADD gba ìjókòó 20. FCBE, tó wà lẹ́yìn ààrẹ, gba 35. Ní oṣù Karùn-ún, Mathurin Nago gba ipò lọ́wọ́ Idji. Láti ìgbà náà, agbára ẹgbẹ́ tó dúró lórí ẹkùn kan ń dín kù ní Bẹ̀nẹ̀. Òfin ẹgbẹ́ òṣèlú ti 2018 fi ìlànà líle lélẹ̀, ó sì ti ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ kéékèèké sínú àwọn ẹgbẹ́ ńlá bí Union Progressiste àti Bloc Républicain.

Ipò rẹ̀ nínú ìtàn ẹkùn náà

Ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí olùwádìí fi sọ́kàn nípa ìrìn àjò òṣèlú yìí.

Àkọ́kọ́ ni pé ó fi òpin sí ìgbà kan. Láti ọjọ́ Apithy, ìbò Nàgó gúúsù ìlà-oòrùn ń lọ sí Àjàṣẹ́, ipò sì ń dúró sí Àjàṣẹ́. Pẹ̀lú MADEP, ọmọ Adja-Ouèrè ló ni ẹgbẹ́, ọmọ Ìlárá ló sì jókòó lórí àga ní ààfin gómìnà, nínú Àjàṣẹ́ kan náà.

Èkejì ni pé ó fi ibi tí irú òṣèlú bẹ́ẹ̀ lè dé hàn. Agbára ẹkùn lè ra ìjókòó nínú ilé tí wọ́n ti ń dúnàádúrà. Kò lè ra gbogbo orílẹ̀-èdè. Ẹni tó bá fẹ́ ìyẹn gbọ́dọ̀ rí ohun tí yóò bá ará Natitingou àti ará Ouidah sọ, tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé Kétu nìkan.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ oṣù Keje 2006. Ẹkùn tí wọ́n ti fi ipá kó owó orí lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọ́n ti fi ìlà pín láìbi í, mọ ohun tó túmọ̀ sí pé kí àwọn tó wà lókè pinnu láìbéèrè. Ní ọjọ́ yẹn, ọmọ ẹkùn náà wà lára àwọn tó wà lókè, ilé ẹjọ́ sì sọ fún gbogbo wọn pé kí wọ́n padà lọ bi àwọn tó wà nílẹ̀. Ọlá wọ ilé Ìlárá lóòótọ́. Nínú ìṣẹ̀lẹ̀ yìí kan náà ni a ti rí ohun tí ìlú ní ẹ̀tọ́ láti béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá gbé ọlá náà wálé.